Bí Mo Ṣe Lọ Bẹ̀bẹ̀ fún Kòkó ní Abà Páànù

Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ kí ìrun àsùbáà tán ni mo gbé báàgì mi, Ìyá wa sì fi àtùpà sìn mí dé ẹnu ọ̀nà. Lójoojúmọ́ ayé, bí mo bá ń lọ sí ìrìn àjò, àdúrà rẹ̀ kì í tán bọ̀rọ̀. Á ṣe é títí ọkọ̀ á fi fẹ́ fi mí sílẹ̀. Lọ́jọ́ yìí, kò ṣàdúrà kankan. Ó kàn dì mí lọ́wọ́ mú ni. Ó ní, "Àdùkẹ́, bí o bá ti dé ọ̀dọ̀ Ràímì, má jókòó, má mu omi, kí o tó sọ fún un pé èmi ìyá rẹ̀ ní kó má gé kòkó yẹn o." Mo ní mo ti gbọ́. Ó tún sọ ọ́ nígbà tí mo ti dé ìta.

Ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé, kí ẹ lè mọ ohun tó gbé mi kúrò ní Ìkirun nínú ọyẹ́, nígbà tí ó yẹ kí n máa fi ìsinmi iléèwé tọ́jú ara mi. Ràímì ni ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin, àwa méjì péré ni Ìyá wa bí. Láti kékeré ló ti bá bàbá wa lọ sí igbó àwọn Ìkálẹ̀, lẹ́yìn Òrè, ní ẹ̀bá Omifunfun, wọ́n lọ gba ilẹ̀ lọ́wọ́ onílẹ̀, wọ́n sì gbin kòkó sí i. Abà Páànù ni wọ́n ń pe ibẹ̀, nítorí pé ibẹ̀ ni wọ́n ti kọ́kọ́ fi páànù bo ilé ní gbogbo agbègbè náà. Bàbá wa kú síbẹ̀, Ràímì kò sì padà wálé mọ́. Kòkó yẹn ló kọ́ ilé tí Ìyá wa ń gbé. Òun ló sanwó iléèwé olùkọ́ni tí mo lọ, tí ẹ fi ń pè mí ní tíṣà lónìí.

Awakọ̀ kan tó ń kó kòkó ló mú iṣẹ́ ẹ̀gbọ́n mi wá. Ó ní ìjọba fẹ́ kọ́ ilé iṣẹ́ ńlá kan sí Abà Páànù, ibi tí wọn óò ti máa lọ kòkó di ìyẹ̀fun, tí wọn óò sì máa kó o lọ sí òkè òkun. Ó ní oko ẹ̀gbọ́n mi gan-an ni ibi tó tẹ́jú jù ní abà, nítorí náà, wọn óò gé kòkó ibẹ̀ kúrò kí àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba tó dé láti Àkúrẹ́. Kí n tètè máa bọ̀, kí n lè bá wọn sọ gẹ̀ẹ́sì. Awakọ̀ náà ní ẹ̀rín ni ẹ̀gbọ́n mi ń rín nígbà tó ń rán òun. Ẹ̀rín yẹn gan-an ló kó jìnnìjìnnì bá mi.

Láti Ìkirun, mo wọ ọkọ̀ dé Òṣogbo, mo tún wọ òmíràn dé Ilé-Ifẹ̀. Ní Ifẹ̀ ni mo ti rí Píjò kan tó ń lọ tààrà sí Òrè. Náírà méjì ààbọ̀ ni wọ́n gbà lọ́wọ́ mi, wọ́n sì fún mi ní iwájú, lẹ́gbẹ̀ẹ́ awakọ̀, nítorí pé mo gbé ojú le. Ọkùnrin ẹlẹ́nu dídùn kan ni awakọ̀ náà, Bàbá Sùlé ni wọ́n ń pè é. Ó ní kòkó ni òun ń kó tẹ́lẹ̀ kí òun tó ra Píjò.

Mo bi í pé, "Kí ló dé tí ẹ fi jáwọ́ nínú rẹ̀?"

Ó ní, "Tíṣà, ta ló kù lóko tí yóò kó kòkó jáde? Ẹ wo ẹ̀yìn yín. Gbogbo àwọn ọmọkùnrin tí mo kó yìí, Èkó ni wọ́n ń lọ láti Òrè. Wọ́n fẹ́ lọ ru bíríkì. Wọ́n ní owó epo rọ̀bì ti dé."

Òótọ́ ló sọ. Láàárín ọdún wọ̀nyẹn, ọ̀rọ̀ epo rọ̀bì kò kúrò lẹ́nu ẹnikẹ́ni. Bí rédíò bá ti sọ̀rọ̀, ìjọba fẹ́ kọ́ èyí, ìjọba fẹ́ ra tọ̀hún. Wọ́n fi owó kún owó oṣù wa, wọ́n sì kó àjẹsílẹ̀ rẹ̀ fún wa lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, gbogbo àwa olùkọ́ sì sáré lọ ra fáànù àti tẹlifíṣọ̀n, àti àwọn tí kò ní iná mànàmáná nílé pàápàá. Èmi náà ra fáànù. Ẹ má rẹ́rìn-ín mi.

Láti Oǹdó lọ sí Odigbo, igbó ló wà lọ́tùn-ún lósì, ọ̀nà sì rí gbágungbàgun débi tí orí mi ń gbá òrùlé ọkọ̀. Àmọ́ ohun tó gba àfiyèsí mi ni àwọn pátákó. Bí a bá ti rìn díẹ̀, pátákó funfun kan á yọ lẹ́bàá ọ̀nà: ibí yìí ni a ó kọ́ ilé ìwòsàn sí, ibí yìí ni a ó kọ́ ilé iṣẹ́ bíríkì sí, omi ẹ̀rọ ń bọ̀ wá sí ìlú yìí. Koríko ti bo ẹsẹ̀ púpọ̀ nínú wọn. Àwọn ewúrẹ́ dùbúlẹ̀ sábẹ́ ọ̀kan, wọ́n ń jẹ àpọ̀jẹ. Mo bi Bàbá Sùlé pé ìgbà wo ni wọn óò kọ́ wọn. Ó ní pátákó ni iṣẹ́ náà gan-an, pé ẹni tó gba iṣẹ́ pátákó ti gbowó tirẹ̀, ó ti lọ. Àwọn tó wà lẹ́yìn rẹ́rìn-ín gan-an. Èmi kò lè rẹ́rìn-ín, nítorí ọ̀rọ̀ ẹ̀gbọ́n mi wà lọ́kàn mi.

Nígbà tí a dé Òrè, ẹnu yà mí. Ọ̀nà ọlọ́dàá ńlá tó lọ láti Èkó sí Bìní ti gba àárín ìlú kọjá, ó fẹ̀, ó ń dán, ọkọ̀ sì ń fò lórí rẹ̀ bí ẹni tí wọ́n ń lé. "Bìní! Sápẹ́lẹ́! Wọlé pẹ̀lú ṣéńjì ẹ o!" ni àwọn kọ̀ńdọ́kítọ̀ ń ké, àwọn mìíràn sì ń sọ gẹ̀ẹ́sì àdàmọ̀dì, "Ọ́ga, ẹ́ntà, wọ̀n chánsì rìmén!" ìyẹn ni pé ó ku àyè ẹnì kan. Ìyàlẹ́nu ni ọ̀nà yẹn fún ẹni tó ti ara ọ̀nà Odigbo bọ́ sí i. N kò ní parọ́, inú mi dùn sí i fún ìṣẹ́jú díẹ̀.

Ebi ń pa mí. Mo wọ ṣọ́ọ̀bù oúnjẹ kan, mo ní kí ìyá olóúnjẹ fún mi ní pupuru, torí ẹ̀gbọ́n mi ti yìn ín fún mi nínú lẹ́tà. Oúnjẹ àwọn Ìkálẹ̀ ni: ẹ̀gẹ́ ni wọ́n máa ń rẹ sómi títí yóò fi rọ̀, wọn á bù ú ní róbótó, wọn á yan án lórí èéfín iná, kí wọ́n tó ha èèpo dúdú rẹ̀ kúrò, tí wọn á rò ó bí a ṣe ń ro èlùbọ́ nílé wa. Ìyá náà ṣe háà.

Ó ní, "Ọmọ mi, ó ti tó oṣù mélòó kan tí mo ti rí pupuru rà kẹ́yìn. Àwọn tó ń bó ẹ̀gẹ́ ti lọ ń ru yanrìn fún àwọn òyìnbó tó ń ṣe títì. Ìrẹsì ni mo ní, ìrẹsì òkè òkun, àti ẹja yìnyín."

Mo jẹ ìrẹsì àti ẹja yìnyín ní àádọ́ta kọ́bọ̀, ní àárín igbó tí ẹ̀gẹ́ ti ń hù fúnra rẹ̀. Ìrẹsì náà funfun, ó dára lójú, mo sì jẹ ẹ́ tán. Àmọ́ mo ń rò ó bí mo ṣe ń jẹ ẹ́ pé, bí ọkọ̀ ojú omi tó ń kó o wá kò bá dé lọ́jọ́ kan, kí ni ìyá yìí yóò tà?

Bọ́lẹ̀kájà àtijọ́ kan ló gbé mi láti Òrè lọ sí apá Omifunfun, mo sì fi ẹsẹ̀ rin ìyókù. Oòrùn ti ń rọ̀ nígbà tí mo wọ inú oko ẹ̀gbọ́n mi. Ẹni tí kò bá wọ oko kòkó rí, kó lọ wọ̀ ọ́ nínú ọyẹ́. Abẹ́ igi tutù, ó dákẹ́, ewé gbígbẹ nípọn lábẹ́ ẹsẹ̀ bí ẹní. Àmọ́ mo rí ohun tí n kò rí rí níbẹ̀. Kòkó tó pọ́n ti dúdú lórí igi láìsí ẹni tó já a. Èyí tí wọ́n já, wọ́n kó o jọ, wọn kò pa á, ó sì ti ń rà.

Ìyàwó ẹ̀gbọ́n mi, Ṣìfáwù, ló kọ́kọ́ rí mi. Ó kúnlẹ̀, ó ní, "Tíṣà mi, ẹ kú ìrìn o! Ẹ jókòó." Mo ní rárá, ìdúró ni wọ́n rán mi. Ẹ̀gbọ́n mi jáde, ó ti gbó ju bí mo ṣe fi í sílẹ̀ lọ, ó sì ní kí n wá dì mọ́ òun. Mo kúnlẹ̀ kí i, mo dìde, mo sì jíṣẹ́ náà gẹ́lẹ́ bí Ìyá wa ṣe rán mi.

Ó ní, "O ti jíṣẹ́. Jókòó wàyí, kí o mu omi."

Mo ní, "Bọ̀ọ̀dá, ẹ kò tíì dá mi lóhùn."

Ó jókòó sórí àpótí, ó na ẹsẹ̀. Ó ní, "Àdùkẹ́, wo kòkó tó ń rà yẹn. Àwọn àgbàṣe tí mo máa ń gbà, títì ti kó wọn lọ. Ohun tí wọ́n ń fún wọn lójúmọ́ níbẹ̀, èmi kò lè san án. Iye tí ìjọba ń ra kòkó lọ́wọ́ mi kò yí padà tó bí iye àdá ṣe yí padà, tàbí iye oògùn tí mo ń fín sí i. Èmi àti Ṣìfáwù nìkan la kù. Ó ti rẹ̀ mí, àbúrò mi."

Mo ní, "Ṣé nítorí pé ó ti rẹ̀ yín lẹ ṣe máa gé e? Ẹ jẹ́ kó wà bẹ́ẹ̀. Igi kò tọrọ oúnjẹ lọ́wọ́ yín."

Ìgbà náà ló wá sọ tinú rẹ̀. Ojú rẹ̀ tan. Ó ní wọ́n ti ṣèlérí fún òun pé bí wọ́n bá kọ́ ilé iṣẹ́ náà tán, òun ni wọn óò fi ṣe ọlọ́dẹ ẹnu géètì. Wọn óò fún òun ní aṣọ kákí àti bàtà, òun óò máa gba owó lóṣooṣù, bójò rọ̀ bóòrùn ràn. "Bíi tìrẹ, Àdùkẹ́," ló wí. Ó dùn mí wọ eegun. Ẹ̀gbọ́n mi tí mo ti ń fi yangàn láti kékeré pé ó ní oko tí ènìyàn kò lè rí òpin rẹ̀, òun ló wá ń jowú owó oṣù tíṣà.

Kí ilẹ̀ tó ṣú, onílẹ̀ wọn dé pẹ̀lú àwọn àgbà abà. Bàbá Akíntan ni orúkọ rẹ̀, arúgbó tẹ́ẹ́rẹ́, tó ń sọ Ìkálẹ̀ kíjikíji. "Ọma mi" ló pè mí, bí àwa ṣe ń pe ọmọ, owó lẹ́nu rẹ̀ sì ni "oghó". Nígbà tó rí i pé mo ń la ojú sílẹ̀, ó bọ́ sí Yorùbá tí gbogbo wa gbọ́. Mo rò pé ó wá pàṣẹ ni. Ẹ̀bẹ̀ ló wá bẹ̀. Ní ilẹ̀ wọn níbẹ̀, onílẹ̀ ló ni ilẹ̀, àmọ́ ẹni tó gbin igi ló ni igi. Onílẹ̀ kò gbọdọ̀ fọwọ́ kan kòkó àgbẹ̀ tó gba ilẹ̀ lọ́wọ́ rẹ̀. Bí wọn óò bá gé e, ọwọ́ tó gbìn ín tàbí ti ọmọ rẹ̀ ló gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ fi àáké kàn án. Nítorí náà, bí ẹ̀gbọ́n mi bá kọ̀, ó ti parí nìyẹn.

Bàbá Akíntan ní, "Àwọn ará òdì kejì odò ti gé tiwọn láti ọ̀sẹ̀ tó kọjá. Ilẹ̀ wọn ti mọ́ kedere. Bí àwọn ará Àkúrẹ́ bá dé lọ́la, tí wọ́n bá igbó níbí, ibẹ̀ ni wọn óò lọ. Ìjọba kì í dúró de ẹni tí kò tíì múra."

Mo ní, "Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ kí wọ́n dé ná. Kí wọ́n fi ẹsẹ̀ ara wọn tẹ ilẹ̀, kí wọ́n ní ibí ni àwọn fẹ́. Bí wọ́n bá gé kòkó tán, kí ni ilé iṣẹ́ kòkó yóò máa lọ̀?"

Kò sí ẹni tó bínú sí mi. Bàbá Akíntan mi orí. Ó ní gbogbo ọmọ òun ló wà ní Èkó, tí wọn kì í wálé, nítorí kò sí iná, kò sì sí omi. Ilé iṣẹ́ náà nìkan ló lè dá wọn padà kí òun tó kú. Ó sọ ọ́ débi pé omi lé ròrò sójú rẹ̀. N kò lè jà mọ́. Ẹ̀gbọ́n mi ní kí wọ́n jẹ́ kí òun fi òru ro ó, mo sì fi ìyẹn tu ara mi nínú.

Ìró àáké ló jí mi láàárọ̀. Mo sáré jáde láìwẹ ojú. Ẹ̀gbọ́n mi ti kan ti àkọ́kọ́, lára àwọn igi etí odò tí bàbá wa fi ọwọ́ ara rẹ̀ gbìn. Bí tirẹ̀ ṣe balẹ̀, tọkùnrin tobìnrin abà ya wọnú oko pẹ̀lú orin, wọ́n ń gé, wọ́n ń fà, inú wọn ń dùn. Kòkó tútù ń já lulẹ̀ gbì, gbì. Mo jókòó sórí ìtí igi kan, mo sunkún, n kò fi pamọ́ fún ẹnikẹ́ni. Kí oòrùn tó dé àárín ọ̀run, ibi tí ó tutù, tí ó dákẹ́ lánàá ti di gbalasa, oòrùn sì ń ta ilẹ̀ tí kò rí i láti ìgbà tí mo ti wà lọ́mọdé.

Ọkọ̀ àwọn ará Àkúrẹ́ dé ní ọ̀sán, ọkọ̀ tuntun, tí ọ̀rá ṣì wà lórí ìjókòó rẹ̀. Ọ̀dọ́mọkùnrin kan tó wọ sáfárì ni olórí wọn. Ó sọ̀ kalẹ̀, ó wo bàtà rẹ̀, ó wo ilẹ̀, ó ní, "Ó dára gan-an." Kò nílò gẹ̀ẹ́sì mi rárá, Yorùbá ló ń sọ. Mo bi í ní ìbéèrè tí mo bi àwọn àgbà: kòkó wo ni wọn óò máa lọ̀?

Ó rẹ́rìn-ín músẹ́. Ó ní, "Màdáámù, ẹ má dààmú ara yín. Àgbègbè yìí, kòkó ló kún ibẹ̀."

Mo ní, "Sà, ẹ wo ilẹ̀ tí ẹ dúró lé."

Kò wò ó. Ó ní gbogbo abà tí àwọn ti dé láti àárọ̀ ló ṣe dáadáa, pé gbogbo wọn ló ti pa ilẹ̀ mọ́ de àwọn. Ó ní kí awakọ̀ gbé pátákó wá. Nígbà tí awakọ̀ ṣí ẹ̀yìn ọkọ̀, mo sún mọ́ ọn. Pátákó kún inú rẹ̀, ìkọ̀wé kan náà ló wà lára gbogbo wọn: ibí yìí ni a ó kọ́ ilé iṣẹ́ kòkó sí. Wọ́n ri ọ̀kan mọ́ àárín oko bàbá mi, àwọn ará abà pàtẹ́wọ́, ọkọ̀ sì gbéra.

Kí ẹ má baà máa retí, ilé iṣẹ́ náà kò dé títí di bí mo ti ń kọ ìwé yìí. Agbaṣẹ́ṣe kan wá lẹ́yìn náà, ó mọ odi díẹ̀, ó gbé géètì onírin sí i. Kò pẹ́ sí i ni rédíò yí ohùn padà, wọ́n ní epo rọ̀bì kò tà mọ́ lókè òkun, kí gbogbo wa fún ìgbànú mọ́ra. Ti òdì kejì odò kò ní odi pàápàá.

Ọjọ́ kejì tí wọ́n ri pátákó náà ni mo gba ọ̀nà Òrè padà sílé. Ẹ̀gbọ́n mi sìn mí dé ojú ọ̀nà, ó ń sọ̀rọ̀ aṣọ kákí. Nínú ọkọ̀, mo rò ó láti Odigbo títí dé Ifẹ̀. Mo ti rò tẹ́lẹ̀ pé àìlówó ìjọba ló ń fìyà jẹ wá. Ohun tí ojú mi rí ní ìrìn àjò yìí ni pé owó tí kò sí ẹni tó làágùn kó tó wọlé, kò sí ẹni tó ń wo ibi tó ń bọ́ sí. Ó kó àgbàṣe kúrò lóko, ó kó pupuru kúrò lọ́jà, ó sì jẹ́ kí ọkùnrin tó ní igi tirẹ̀ rò pé òun kò ní nǹkan kan. Ọ̀nà tó ń dán yẹn nìkan ni mo rí dì mú, ọ̀nà yẹn náà ló sì ń kó àwọn ọmọ lọ.

Ìyá wa wà lẹ́nu ọ̀nà nígbà tí mo wọlé nírọ̀lẹ́. Ẹ̀wà ló ń ṣà. Ó wo ojú mi. Ó bu omi fún mi, mo mu ún.

Ó ní, "Àwọn ti etí odò ńkọ́?"

Mo ní, "Ibẹ̀ ni wọ́n ti bẹ̀rẹ̀, Ìyá."

Ó ń ṣa ẹ̀wà rẹ̀ lọ. Ó wá bi mí pé iṣẹ́ wo ni Ràímì yóò máa ṣe báyìí. Mo ní wọ́n ṣèlérí pé wọn óò fi ṣe ọlọ́dẹ, pé òun ni yóò máa ṣọ́ ẹnu géètì.

Ìyá wa gbé àwo ẹ̀wà náà sílẹ̀. Ó ní, "Kí ló kù níbẹ̀ tí yóò máa ṣọ́?"